Kòkòrò mẹ́ta lára ògiri mi ní Kétu: ẹ bá mi dá wọn mọ̀

Tíṣà Kétu · Sátidé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa ni kòkòrò ò ti jẹ́ kí iná ẹnu ọ̀nà mi sinmi. Ọmọ mi ọkùnrin ra pọ́táàbù kan fún mi láti Kùtọ̀nú, fọ́tò rẹ̀ mọ́ gan-an, òun ni mo fi ń yà wọ́n. Mo ti yà tó ọgbọ̀n. Mẹ́ta tí kò jẹ́ kí n sùn nìyí.

Fọ́tò kìíní: nǹkan pẹlẹbẹ kan lára ògiri yàrá, ó ṣe bí èso ẹ̀gúsí, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú. Mo rò pé ìdọ̀tí sìmẹ́ńtì ni. Mo ní kí n fi èékánná họ ọ́ kúrò, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn!

Fọ́tò kejì: àfòpiná ńlá kan, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó já wọ pálọ̀, mo fi ìgbálẹ̀ kàn án, ló bá ké. Mo ní ó ké, bí èkúté ṣe ń ké. Ẹ sún fọ́tò náà mọ́ra kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, agbárí òkú ló wà níbẹ̀. Ìyá ìyàwó mi tó ń bẹ lọ́dọ̀ wa ti bu iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ẹyẹ ayé ni, kí n pa á kíá. N kò tíì pa á. Mo dojú korobá dé e.

Fọ́tò kẹta: àfòpiná kékeré aláwọ̀ ilẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni mo kà lára ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oko àgbàdo mi kò jìnnà sílé, èyí ló ń já mi láyà jù.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · 9:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Ti kẹta yẹn, chenille légionnaire ni, kòkòrò tó ń run àgbàdo. Mo gbé e sínú áàpù mi, kò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó fi dáhùn: Spodoptera frugiperda. Ẹ ra oògùn, kí ẹ fọ́n ọn kí ó tó di ọ̀la. Ti kejì n ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, Màmá ò ní tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdẹ Àfòpiná (Ṣábẹ̀) · 10:31 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa èyí tó wà lábẹ́ korobá. Kì í ṣe ẹyẹ, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. Acherontia atropos lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, láti 1758 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, ti fún un ní orúkọ atropos. Ó wà káàkiri Áfíríkà, ó sì máa ń fò títí dé Yúróòpù. Ohun tí ẹ rí bí agbárí yẹn, irun ni. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ ló pa àwọ̀ dà bẹ́ẹ̀, dúdú níbí, ràkọ̀ràkọ̀ lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lójú, ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀: á pọ́n bí ìyeyè, ìlà dúdú méjì á gba ibẹ̀ kọjá. Ikùn rẹ̀ náà á pọ́n, pẹ̀lú ìgbànú dúdú lóríṣiríṣi.

Igbe yẹn, ẹnu ló fi ké e. Ó ń fa atẹ́gùn sí ọ̀fun, ó sì ń tú u jáde, bí ẹni ń fọn fèrè. Kò ní eyín tí yóò fi jẹ yín, kò ní oró. Oyin ló ń jẹ. Lóru ló máa ń wọ ilé oyin lọ jí i mu. Ẹnu rẹ̀ kúrú, ó sì le, òun ló fi ń dá afárá lu.

Ti kìíní, ẹ má họ ọ́ mọ́ o, ilé onílé ni. Ọmọ àfòpiná kan ló wà nínú rẹ̀, Phereoeca ni wọ́n ń pe ìran rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú ẹnu rẹ̀ lẹ iyanrìn àti eruku pọ̀. Ilé náà ní ẹnu ní òkè, ó ní ẹnu nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dí ìhín, á yọrí lọ́hùn-ún. Òwú aláǹtakùn tó ti gbó àti irun orí tó já bọ́ sílẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ gbá igun ilé dáadáa, á wábi gbà. Èwo gan-an ni nínú àwọn Phereoeca? Fọ́tò kò lè sọ ìyẹn fún mi, ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ti kẹta, n ò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n láti inú fọ́tò yẹn, àti áàpù o, àti ènìyàn o. Àbúrò, áàpù rí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ lórí ògiri aláwọ̀ ilẹ̀, ó mú orúkọ tí gbogbo ayé ń pè jù, ó fi lé ọ lọ́wọ́. Àfòpiná tó jọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Tíṣà, ẹ tún un yà: ẹ dúró kí ojú pọ́táàbù dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi owó ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bí kò bá dúró jẹ́, ẹ fi ife bò ó, ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ara rẹ̀ á wálẹ̀, kò ní kú.

Olóyin Òkè Ṣábẹ̀ · 11:05 alẹ́

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ dájú. Èmi ti bá irú rẹ̀ nínú àpótí oyin mi, òkú rẹ̀ o, àwọn oyin ti ta á pa. Ó tóbi bí ẹni pé èèyàn ló kó ẹran wọ ibẹ̀. Ọdún yẹn ni mo dín ẹnu àpótí kù kí ó má lè gbà á.

Tíṣà Kétu · Àìkú, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Mo ṣí korobá lójú Màmá. Wọ́n kọ́kọ́ sá dé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Mo wá fi igi ìgbálẹ̀ gbé ìyẹ́ òkè sókè díẹ̀: ìyẹ́ abẹ́ pọ́n, ìlà méjì wà níbẹ̀ géérégé bí Ọdẹ ṣe wí. Mo fi ìka ra ẹ̀yìn rẹ̀, àtíkè irun náà lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, etí kan agbárí sì pa rẹ́. Màmá sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, «Ṣé irun lásán ni?» Mo ní irun ni. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, «Ta ló wá ní kí ó máa dẹ́rù ba ọmọ ènìyàn?» Mo gbé e sórí igi máńgòrò, ó gbọn ara fún ìgbà díẹ̀, ó fò lọ.

Fọ́tò tuntun ti kẹta ń bọ̀ lálẹ́ òní.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Àìkú, 7:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, mo gbà fún yín lórí ti agbárí. Ṣùgbọ́n áàpù náà fi àmì aláwọ̀ ewé sí i, ìyẹn ni pé ó dá a lójú. Bí ẹ bá ní kí Tíṣà dúró títí a ó fi ya fọ́tò tó rẹwà, tí àgbàdo wá tán lóko ńkọ́?

Àgbẹ̀ Ìlíkímù · Àìkú, 7:40 àárọ̀

Ẹ̀yin méjèèjì ẹ dákẹ́ ná. Kí ló dé tí ẹ ń bi ògiri ní ohun tí ó wà lóko? Tíṣà, ẹ wọ oko kí oòrùn tó mú. Ẹ wo ewé tó wà láàrin gbùngbùn àgbàdo, èyí tó ṣì ká mọ́ra. Bí ẹ bá rí ihò wínníwínní tó tò sára ewé, tí ẹ sì rí ìgbẹ́ tó dà bí eruku pákó tútù, ẹ la ọkàn àgbàdo náà. Ẹ á bá ọmọ àfòpiná náà níbẹ̀. Kí ẹ wá wo àmì méjì: iwájú orí rẹ̀, ìlà funfun bí lẹ́tà Y tí wọ́n dojú rẹ̀ kodò, nítòsí ìdí rẹ̀, ààmì dúdú mẹ́rin tó tò bí ojú mẹ́rin lára ọmọ ayò lúdò. Bí méjèèjì bá pé, òun ni. Bí wọn kò bá pé, ẹ má ná owó oògùn.

Ní 2016 tó kọ́kọ́ dé, àwa rò pé kòkòrò àtijọ́ tí a ti mọ̀ ni. A fọ́n oògùn tí a máa ń fọ́n sí òwú, ó ń jẹ lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó bá ti tóbi, ìsàlẹ̀ ọkàn àgbàdo ló ń wà, ìgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń dé orí ara rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, oògùn kì í kàn án.

Ọdẹ Àfòpiná · Àìkú, 8:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọdún 2016 yẹn ni ìwé àkọ́kọ́ jáde pé ó ti wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti Amẹ́ríkà; Georg Goergen ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abomey-Calavi, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n rí i lọ́dọ̀ wa ní Benin, ní Nàìjíríà, ní Tógò àti ní São Tomé. Kó tó di ìparí 2018, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà. Ilé IITA yẹn ní àpótí lórí àpótí kòkòrò tí wọ́n ti gún ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ti kọ orúkọ sí. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàápàá, bí àfòpiná aláwọ̀ ilẹ̀ bá ta kókó, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń tú wò lábẹ́ awò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń wí fún Ọmọ Àjàṣẹ́ nìyẹn. Akọ frugiperda ní ojú funfun kan ní ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀, a lè fi fọ́tò tó mọ́ mú un. Abo rẹ̀ rí ràkọ̀ràkọ̀, kò ní ohun tí èèyàn ń dì mú. Abo yẹn sì ni ọ̀gá: ẹyin 100 sí 200 ló ń yé lójú kan, á fi irun ara rẹ̀ bò ó bí òwú. Ìdí tí Bàbá fi ní kí ẹ wo ọmọ ni pé ọmọ ló kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú orí.

Tíṣà, lálẹ́ òní ẹ ta aṣọ funfun sára okùn, kí ẹ gbé iná síwájú rẹ̀. Òṣùpá kò sí, afẹ́fẹ́ sì ní ọ̀rinrin pẹ̀lú ooru díẹ̀, wọ́n á wá.

Ìyá Aláṣọ Òkè (Àjàṣẹ́) · Àìkú, 11:30 àárọ̀

Ẹ kú àjùmọ̀ṣe o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn bàbá wa máa ń ní àfòpiná tó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Kí ni fìtílà ṣe fún un gan-an?

Ọ̀rọ̀ mìíràn: ọmọ àbúrò mi mú àpò kan wá láti oko, ó tóbi tó ẹ̀yìn igbá, àwọ̀ rẹ̀ bí iyanrìn, ó ní ara igi ìrà lòun ti ká a. Mo ní sányán nìyí! Èmi tí mo ti ń ta aṣọ òkè láti ìgbà ọmọge, n kò tíì fojú kan ilé rẹ̀ rí. Fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ṣé mo tọ̀nà?

Ọdẹ Àfòpiná · Àìkú, 12:10 ọ̀sán

Ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, Ìyá mi. Ẹ tọ̀nà pátápátá. Anaphe lorúkọ ìran àfòpiná tó hun ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í kọ́lé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ló ń para pọ̀ hun àpò kan, kálukú á wá hun tirẹ̀ sínú rẹ̀. Àpò yẹn ni wọ́n ń sè nínú omi eérú kí òwú rẹ̀ tó rọ̀ tí wọ́n á fi ran án. Ẹ má fi ọwọ́ lásán tú u o, irun inú rẹ̀ ń yún ara bí èsìsì.

Ti fìtílà: kò bá a jà rárá. Ní 2024 àwọn olùwádìí kan gbé fídíò kòkòrò tó ń fò yí iná po jáde. Wọ́n rí i pé ẹ̀yìn ni kòkòrò ń kọ sí ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Ní ayé ìjọ̀sí, ojú ọ̀run ni ibi tó mọ́lẹ̀ jù lóru, bó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fò gúnrégé nìyẹn. Iná wá dé, ó tún kọ ẹ̀yìn sí i, ló bá ń yípo láìlè lọ. Àwọn bàbá wa rí ìṣe rẹ̀ dáadáa, ẹ̀sùn ni wọ́n ṣì kà sí i lọ́rùn.

Àgbẹ̀ Ìlíkímù · Àìkú, 12:35 ọ̀sán

Ìyá, kí ọmọ yẹn má sun àwọn tó wà nínú àpò náà jẹ o. Àwọn ará Ṣábẹ̀ ń jẹ kòkòrò kànnì, mo mọ̀.

Ọdẹ Àfòpiná · Àìkú, 12:50 ọ̀sán

Bàbá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Kànnì tí a ń ṣà lára igi òrí, Cirina forda ni, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Nínú ìran Anaphe yìí, Anaphe venata ní èròjà kan nínú ara tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ìdáná kì í sì í tètè pa á. Wọ́n ti so ó mọ́ àìsàn tó ń mú kí àwọn ènìyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní àsìkò tí wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára tẹ́lẹ̀ ló ń bá jù.

Tíṣà Kétu · Ajé, 7:05 àárọ̀

Ìròyìn pọ̀ lọ́wọ́ mi, kí n mú èyí tó burú ṣáájú.

A ta aṣọ funfun bí ẹ ṣe wí. Ọmọ-ọmọ mi jókòó tì mí, ó ń bá mi di iná mú. Ohun kékeré kan bà á lọ́rùn, ó gbá a mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nù ún. Kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ìlà pupa kan ti fà láti etí rẹ̀ dé èjìká, bí ibi tí wọ́n fi irin gbígbóná fà. Aládùúgbò ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára, ó fẹ́ fi kẹrosíìnì pa á. Fọ́tò kòkòrò náà nìyí, mo rí irú rẹ̀ mìíràn lára aṣọ: ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí èèrà, orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa, àárín rẹ̀ ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ tún dúdú.

Nọ́ọ̀sì Pobẹ̀ · Ajé, 7:12 àárọ̀

Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì kàn án o! Aláǹtakùn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Paederus ni èyí, irú ọ̀bọ̀ǹbọ̀n kan tí ìyẹ́ rẹ̀ kúrú. Kì í jẹni, kì í tani. Oró tó wà nínú ara rẹ̀ ló ń jóni, ìgbà tí a bá sì tẹ̀ ẹ́ fọ́ ló ń jáde. Ibi tí ọmọ fi ọwọ́ nù ún dé ni ìlà yẹn gbà.

Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ méjèèjì dáadáa. Ẹ fọ aṣọ tó wọ̀ àti aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀. Kó má fi ọwọ́ nu ojú. Ó lè lé, kí omi wà nínú rẹ̀ ní ọ̀la, ẹ má bẹ́ ẹ. Bó bá kan ojú, tàbí tó wú, tàbí tí ibà dé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, bó bá bà lé ènìyàn, kí a fẹ́ ẹ dànù ni, ẹ má gbá a. Kí ẹ sì fi gílóòbù tó pọ́n bí ìyeyè sí ẹnu ọ̀nà, kì í pe kòkòrò tó bí gílóòbù funfun ṣe ń pè é.

Ọdẹ Àfòpiná · Ajé, 7:30 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́ fún ọmọ wa. Ẹ̀bi mi ni, ó yẹ kí n ti kìlọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Paederus sabaeus, òun ló pọ̀ níhìn-ín. Lóko, ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni, kòkòrò wẹ́wẹ́ ló ń jẹ. Abẹ́ iná lòun àti ènìyàn ti ń jà.

Tíṣà Kétu · Ajé, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ ti fọ ọrùn, ó ti ń ṣeré. Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì.

Mo ti oko dé. Ogún àgbàdo ni mo yẹ̀ wò, márùn-ún ló ní ihò. Fọ́tò kẹrin: mo la ọkàn ọ̀kan, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gùn tó ìka ọmọdé. Y wà níwájú orí rẹ̀. Ojú mẹ́rin lúdò wà nídìí rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú oko ní èmi nìkan, bí ẹni tí nǹkan ṣe. Fọ́tò karùn-ún: òmíràn lára ọmọ àgbàdo, òun kò ní ojú mẹ́rin, ìlà funfun ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Fọ́tò kẹfà sí ìkẹwàá: àwọn ti ara aṣọ funfun, mo gbé wọn sí fìríìjì. Ìyàwó mi ti fi mí sùn nítorí ife tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀.

Ọdẹ Àfòpiná · Ajé, 8:45 alẹ́

Iṣẹ́ gidi nìyí. Fọ́tò kẹrin, Spodoptera frugiperda, kò sí àníàní. Karùn-ún kì í ṣe òun. Ó jọ ti ìran Helicoverpa, àwọn tó máa ń jẹ ọmọ àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dàgbà sínú ìgò kí a rí àfòpiná rẹ̀.

Ti ara aṣọ: kẹfà àti keje ní ojú funfun ní ṣóńṣó ìyẹ́, akọ frugiperda ni. Àbúrò Ọmọ Àjàṣẹ́, o rí orúkọ náà ṣáájú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo kẹjọ: ó tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kò ká a lé ẹ̀yìn, fèrèsé funfun sì wà lára rẹ̀ tí a lè gba inú rẹ̀ rí aṣọ. Maruca vitrata ni. Ẹ̀wà ni tirẹ̀, kò mọ àgbàdo. Bí Tíṣà bá fọ́n oògùn sí àgbàdo nítorí mẹ́tàdínlógún ara ògiri, ti ẹni ẹlẹ́ni ló máa fi owó rẹ̀ san. Kẹsàn-án àti ìkẹwàá, n ò mọ̀ wọ́n.

Ọmọ Àjàṣẹ́ · Ajé, 9:02 alẹ́

Mo gba ìdajì àyọ̀ mi 😄 Áàpù pe kẹjọ ní labalábá.

Àgbẹ̀ Ìlíkímù · Ajé, 9:20 alẹ́

Márùn-ún nínú ogún, kò tíì yẹ kí ojú pọ́n yín. Ẹ máa lọ láràárọ̀, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ẹyin rẹ̀, ẹ bu iyanrìn àti eérú sínú ọkàn èyí tó ní ihò. Bí ẹ bá rí ẹyin tó ti dúdú, ẹ fi sílẹ̀.

Ọdẹ Àfòpiná · Ajé, 9:31 alẹ́

Bàbá mọ̀ ọ́n. Ẹyin dúdú yẹn, agbọ́n kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló ti yé tirẹ̀ sínú rẹ̀, Telenomus remus. Wọ́n ti rí i ní Benin níhìn-ín. Agbọ́n ni yóò jáde níbẹ̀.

Tíṣà Kétu · Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Màmá pe mí lálẹ́ àná: «Tíṣà, wá o, ilé kan ń rìn lọ sí orí bẹ́ẹ̀dì mi.» Phereoeca mìíràn ni. Mo ní kí n gbá a, wọ́n ní rárá, kí n kọ́kọ́ yà á fún àwọn ènìyàn mi. Fọ́tò kọkànlá nìyí.

Ọdẹ Àfòpiná · Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ kí Màmá fún mi. Fọ́tò yìí mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo rí orí rẹ̀ dáadáa. Owó ẹyọ dà?

Tíṣà Kétu · Ìṣẹ́gun, 6:44 àárọ̀

Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń yà á. 100 sẹ́fà Màmá ni, wọ́n sì ti mú un.